Ìgbádùn Lọ́tọ̀, Ìdára Lọ́tọ̀: Bí A Ṣe Ń Wọn Eré Orí Tẹlifíṣàn

Àwa mẹ́fà kan la máa ń péjọ wo eré ní pálọ̀ kan ní Alẹ́kúwodò, ní Òṣogbo, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí iná bá wà. Bí a bá ti wò ó tán, ẹnì kan á béèrè pé, "Ṣé ó dára ṣá?" Ẹlòmíì á dáhùn pé, "Mo gbádùn ẹ̀ jàre." Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ a ò tíì dáhùn ohun tí wọ́n bi wá. Ẹni tó béèrè fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà gún régé. Ẹni tó dáhùn ń sọ bí inú òun ṣe rí. Ìdí nìyẹn tí ẹni méjì fi lè máa jiyàn láti aago méje títí di aago mẹ́wàá lórí eré kan ṣoṣo, tí àwọn méjèèjì á sì tọ̀nà.

Bí ẹ bá ń yan eré fún àwọn ọmọ yín, bí wọ́n bá pè yín ṣe adájọ́ níbi ìdíje eré àwọn ọ̀dọ́, tàbí bí ẹ bá kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín lórí eré ní láárí, ọ̀nà tí mò ń tọ̀ nìyí. Kò ní gba ohun tí ẹ fẹ́ràn lọ́wọ́ yín.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ìwé àjákọ kan, bíró méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀, fóònù tí ẹ ó máa fi aago rẹ̀ ka ìṣẹ́jú, íàpíìsì, àti ẹnì kan tí kò tíì wo eré náà rí. Ìparí la máa nílò ẹni yẹn.

Ẹ tún nílò eré tó ṣeé dá padà sẹ́yìn. Èyí tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn ń gbé jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò ṣeé fi bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ ti OSBC ní Òkè-Baálẹ̀ tàbí ti NTA, torí bó bá ti kọjá, ó ti kọjá. Ẹ fi èyí tó wà lórí YouTube kọ́ ọwọ́ ná. Dátà wọ́n, mo mọ̀: ìwọ̀n àwòrán 480p tó láti fi tẹ̀lé ìtàn, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ yẹ àwòrán wò nìkan ni kí ẹ gbé e sí 720p. Ẹ yan apá mẹ́ta ó kéré tán: àkọ́kọ́, ọ̀kan láàárín, àti ìkẹyìn. Apá kan ṣoṣo kò tó fi dá eré alápá púpọ̀ lẹ́jọ́.

Ìpele 1: Ẹ kọ ìgbádùn sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀

Ẹ ṣí ìwé yín sí ojú ewé méjì tó kọjú síra. Ti òsì ni ti ìgbádùn, ti ọ̀tún ni ti iṣẹ́. Bí eré bá ti parí, kí ìṣẹ́jú 5 tó pé, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó la ẹnu, ẹ kọ bó ṣe ṣe yín sí ojú ewé òsì. Ibo lẹ ti rẹ́rìn-ín? Ibo lẹ ti gbé fóònù? Ọ̀rọ̀ ta ló bí yín nínú? Ẹ kọ ipò tí ẹ wà náà: ṣé ẹ ti jẹun àbí ebi ń pa yín, ṣé iná lọ láàárín eré, ta lẹ jọ wò ó.

Ipò yẹn lágbára ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo yin eré kan kiri Òṣogbo, láti Òkè-Fìà dé Ìgbọ̀nà. Mo ní kò sí irú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kan ní kí n wá sọ ohun tó dára nínú rẹ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ ò jáde. Mo padà lọ wò ó. Ìyá àgbà kan ló wà níbẹ̀, tó máa ń fi oríkì pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ kó tó rán an níṣẹ́, ohùn rẹ̀ á wá gòkè díẹ̀ níparí, gẹ́lẹ́ bí ohùn ìyá tó bí ìyá mi. Ìyá tèmi yẹn ti re ibi àgbà ń rè. Omijé tó bọ́ lójú mi lọ́jọ́ yẹn, ti ìyá mi àgbà ni. Ìyókù eré náà ò dúró rárá: àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń wọlé, wọ́n ń jáde, kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀. Mi ò kábàámọ̀ pé mo gbádùn rẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé èèyàn púpọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu mi bíi pé iṣẹ́ òṣèré ni mò ń yìn.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀: ojú máa ń ti àwọn kan láti kọ ọ́ pé eré játijàti ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Wọ́n á wá máa wá ọ̀rọ̀ ńlá tí wọn yóò fi bo ẹ̀rín náà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín tí ẹ rín, ẹ ti rín in. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe jẹ́, torí bí kò bá rí ojú ewé tirẹ̀, yóò yọ́ lọ sí ojú ewé ọ̀tún, yóò sì ba ìdájọ́ jẹ́.

Àyẹ̀wò: ẹ ka gbogbo gbólóhùn tó wà lójú ewé òsì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní "mo" tàbí "mi" nínú. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Òṣèré náà" tàbí "Ìtàn náà", ẹ fa igi lé e lórí. Àkókò tirẹ̀ ń bọ̀.

Ìpele 2: Ẹ sùn lé e, lẹ́yìn náà ẹ pín ojú àti etí níyà

Ó kéré tán, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí ẹ tó tún un wò. Ẹ mú ìṣẹ́jú 10 péré láàárín eré, níbi tí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta.

Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ pa ohùn rẹ̀ pátápátá. Ṣé ẹ lè mọ ẹni tó ń bẹ̀rù ẹnì kejì? Ṣé ojú òṣèré tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ń ṣiṣẹ́, àbí ó kàn dúró de ìgbà tí yóò kan òun? Òṣèré tó mọṣẹ́ máa ń ṣeré nígbà tí ẹlòmíì ń sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ lẹ ó ti dá a mọ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ dijú, ẹ fi íàpíìsì sétí. Ṣé orin ò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀? Ṣé ariwo jẹnẹrétọ̀ ń wọlé nínú ìran kan, tó sì dákẹ́ lójijì nínú èkejì, nígbà tó jẹ́ pé yàrá kan náà ni wọ́n wà? Ṣé orin ẹkún ti bẹ̀rẹ̀ kí ohun ìbànújẹ́ tó ṣẹlẹ̀? Bí orin bá ń ti ẹkún sí yín lójú kí ìtàn tó débẹ̀, àmì ni pé ẹni tó ṣe é ò gbọ́kàn lé ìtàn ara rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ wò ó bí ẹ ṣe ń wo eré tẹ́lẹ̀. Ẹ wá kọ ohun tí ẹ rí sí ojú ewé ọ̀tún, pẹ̀lú bíró kejì.

Ẹ ṣọ́ra o: owó kọ́ là ń wọ̀n. Àwòrán tí wọ́n fi dúróònù yà lókè àwọn òrùlé páànù Òṣogbo máa ń wuni, ṣùgbọ́n kò sọ ìtàn kankan bí kò bá sí ẹni tí à ń wá lábẹ́ òrùlé yẹn. Olóògbé Olóyè Oyin Adéjọbí, tó fi Òṣogbo yìí ṣe ibùjókòó, ṣe *Kóòtù Aṣípa* lórí tẹlifíṣàn láìsí dúróònù. Ilé ẹjọ́, olùpẹ̀jọ́, olùjẹ́jọ́, ọ̀rọ̀. Bí ẹjọ́ bá ti ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ara òǹwòran kò ní balẹ̀ títí a ó fi dá a. Àìlówó kò sọ eré di burúkú, bẹ́ẹ̀ ni owó ò lè ra ìtàn tí ẹnikẹ́ni ò kọ. Àṣìṣe tí kò náni lówó láti tún ṣe ni kí ẹ kọ sílẹ̀, bí ìyàwó tó wọ bùbá pupa wọ yàrá, tó wá di búlúù nígbà tó jókòó.

Àyẹ̀wò: ẹ gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí ìṣẹ́jú pàtó fún gbogbo ohun tí ẹ kọ. "Ohùn ò dára" kò tó. "Ní ìṣẹ́jú 14, orin bo ọ̀rọ̀ tí bàbá náà sọ kẹ́yìn" ló tó.

Ìpele 3: Ẹ fa okùn ìtàn, kí ẹ wò ó bóyá yóò já

Èyí ló le jù, òun náà ló sì ń sọ òótọ́ jù. Ẹ kọ ìran kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn kan, ìkan lábẹ́ ìkejì. Láàárín gbólóhùn méjì, ẹ fi ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì yìí sí i: "nítorí náà" tàbí "lẹ́yìn náà".

Ẹ wo àpẹẹrẹ tí mo fi ọwọ́ ara mi hun. Àkànní ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Nítorí náà àbúrò rẹ̀ bínú kó kúrò nílé. Nítorí náà kò sí ẹnikẹ́ni nílé lóru ọjọ́ tí ìyá wọn ṣubú. Ìtàn nìyẹn. Ẹ wo èkejì: Àkànní ta ilẹ̀; lẹ́yìn náà àbúrò rẹ̀ gbéyàwó; lẹ́yìn náà ìyá wọn ṣàìsàn. Ìròyìn nìyẹn. Èèyàn lè gbádùn ìròyìn dáadáa bí àwọn tó wà nínú rẹ̀ bá wù ú, ṣùgbọ́n bí "lẹ́yìn náà" bá pọ̀ ju "nítorí náà" lọ lójú ewé yín, okùn náà ti já.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kòńgẹ́ náà. Kòńgẹ́ tó kó èèyàn sí wàhálà ṣeé gbà, torí bẹ́ẹ̀ layé rí. Kòńgẹ́ tó yọ èèyàn nínú wàhálà ni kí ẹ fa ìlà sí nídìí. Ọmọ tó ti sọnù láti ogún ọdún, tó wá jẹ́ pé òun gan-an ni dókítà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún bàbá rẹ̀, tí wọ́n sì rí àpá ejìká rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an! Òǹkọ̀tàn ti rẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú aago. Ẹ wọn àkókò tí kò sí ohun tó yí padà nínú rẹ̀. Mọ́tò dé ẹnu géètì, ó fọn fèrè, ọlọ́dẹ sáré jáde, géètì ṣí, mọ́tò wọlé, ẹni náà sọ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó rìn dé pálọ̀. Mo wọn ọ̀kan rí, ìṣẹ́jú 4 ni, ìran tó sì tẹ̀lé e kò ju ìṣẹ́jú 2 lọ. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń fa eré gùn kó lè di apá púpọ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú yẹn wo gbogbo ohun tó bá lọ́ra. Mo rí ìran kan tí n kò lè gbàgbé. Ìyàwó ilé kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, mà." Ìyá náà ń ṣa ìrẹsì nínú ìgbátẹ́. Kò dáhùn. Ó mú òkúta kan, ó sọ ọ́ nù. Ó mú èkejì. Ìyàwó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, orúnkún rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìyá ṣa òkúta kẹta kó tó wí pé, "O ti jí?" Ìṣẹ́jú kan gbáko, gbólóhùn méjì, ìkíni àti ìdáhùn. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n tọ́ nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé ogun ti bẹ̀rẹ̀ nínú ilé yẹn. Ìlọ́ra yẹn kò fi àkókò ṣòfò; òun gan-an ni ìjà.

Àyẹ̀wò: ẹ yọ ìran kan kúrò nínú ohun tí ẹ kọ, kí ẹ tún ìyókù kà. Bí ìtàn náà bá ṣì lọ geere, tí kò sí ohun tó kù díẹ̀ káàtó, ìran náà kò níṣẹ́. Ẹ ṣe é fún ìran mẹ́ta. Bí ẹ kò bá lè yọ ẹyọ kan, ẹ kọ "okùn ṣinṣin" sí ojú ewé ọ̀tún, ì báà jẹ́ pé oorun kùn yín nígbà tí ẹ kọ́kọ́ wò ó.

Ìpele 4: Ẹ bi àwọn èèyàn inú rẹ̀ léèrè

Ẹ mú ẹ̀dá ìtàn méjì. Kí ló ń wá? Kí ló ń bẹ̀rù? Kí ni kò jẹ́ ṣe láéláé? Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn sí ìkẹta, ẹni tí òǹkọ̀tàn ń tì síwá-sẹ́yìn bó ṣe wù ú lẹ ń wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọ̀rọ̀ ẹnì kan sí ẹnu ẹlòmíì. Bí ọ̀rọ̀ ìyá oníṣòwò Ìgbọ̀nà bá ṣeé gbé sí ẹnu ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ lọ́yà láìyí ohunkóhun padà, òǹkọ̀tàn nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nínú eré náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni òwe. Òwe tí wọ́n fi bá èèyàn wí, tí wọ́n fi ṣe ìlérí, tàbí tí wọ́n fi bo nǹkan mọ́lẹ̀ ní iṣẹ́. Èyí tí wọ́n to léra bí ìgbà tí a ń to iṣu, pé kí òǹwòran lè mọ̀ pé àwọn gbọ́ Yorùbá, kò níṣẹ́.

Ẹ wo ọwọ́ wọn pẹ̀lú. Ìlú aró ni Òṣogbo, a sì mọ ohun tí aró ń ṣe fún èèyàn. Mo wo eré kan tí wọ́n ní obìnrin inú rẹ̀ ti ń rẹ aṣọ láró láti ọmọdé. Wọ́n ya ìkòkò aró, wọ́n ya àdìrẹ tí wọ́n sá sórí okùn, ó rẹwà lóòótọ́. Ó wá na ọwọ́ gba owó lọ́wọ́ oníbàárà: ọwọ́ mọ́ fíntínfíntín, èékánná gùn, pupa ló kùn ún. Kò sí aró kankan nídìí èékánná yẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti sún mọ́ aláró rí mọ̀ pé ọṣẹ kì í tètè ṣí i níbẹ̀. Owó kékeré ni kí ẹnì kan lọ bá aláró jókòó fún wákàtí kan, wọn kò sì lọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àbùkù iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fẹ́ràn òṣèré náà gan-an.

Ẹ kíyè sí i: bí ẹ bá kórìíra ìyá ọkọ inú eré débi pé ẹ fẹ́ sọ bàtà lu tẹlifíṣàn, ìyẹn sábà máa ń jẹ́ àmì pé òṣèré náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Èèyàn púpọ̀ ló máa ń sọ pé "eré yẹn ò dáa, ìyá yẹn ti burú jù." Ojú ewé òsì ni gbólóhùn yẹn ń gbé.

Àyẹ̀wò: ẹ ṣàpèjúwe ẹ̀dá ìtàn kan fún ọ̀rẹ́ yín láìdárúkọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹwà rẹ̀, tàbí òṣèré tó ṣe é. Bí gbólóhùn mẹ́ta bá jáde lẹ́nu yín, èèyàn ni wọ́n dá.

Ìpele 5: Ẹ ya ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀

Níbí ni àwa Yorùbá ti ń kọsẹ̀ jù. "Eré yẹn dára, ó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́." Mo fẹ́ràn eré tó ń kọ́ni, mo sì gbà pé ó yẹ kí a máa béèrè ohun tí eré ń sọ fún ọmọ wa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara mọ́ ohun tí eré ń wí, kò ní kí wọ́n má tíì wí i lọ́nà tí kò dára. Oníwàásù tó ń sọ òótọ́ lè mú kí gbogbo ìjọ sùn lọ.

Ẹ béèrè bí ẹ̀kọ́ náà ṣe dé. Ṣé ohun tí wọ́n ṣe ló bí i, àbí bàbá kan dìde ní ìṣẹ́jú márùn-ún ìkẹyìn láti ka gbogbo rẹ̀ sí wa létí? Ṣé ẹni burúkú inú rẹ̀ ní ìdí tó ṣe ń ṣe é, tó fi jẹ́ pé àwa náà ì bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ bí a bá wà nípò rẹ̀? Eré tó ń jẹ́ ká rí ara wa nínú ẹni tó ṣìnà ń kọ́ni ju èyí tó kàn mú un ya wèrè lọ́jà lọ.

Àyẹ̀wò: ẹ pa ìṣẹ́jú márùn-ún ìkẹyìn rẹ́ lọ́kàn yín. Bí ẹ̀kọ́ náà bá ṣì hàn, ìtàn ló gbé e. Bí kò bá hàn mọ́, ẹnu ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́.

Ìpele 6: Ìlérí àti ìparí

Èyí kò gùn. Apá àkọ́kọ́ máa ń ṣe ìlérí: ta ló pa á, ṣé wọn yóò fẹ́ra, ta ni yóò jogún. Ẹ kọ ìlérí náà sílẹ̀ kí ẹ tó wo ìyókù. Níparí, ẹ wò ó bóyá wọ́n san án. "Ẹ máa retí apá kejì" kì í san gbèsè. Bí ọkàn yín bá sì ń sáré láti mọ ohun tó kàn, ojú ewé òsì ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ẹni tó bá gé ìtàn níbi tí wọ́n ti fa ọ̀bẹ yọ lè mú ọkàn ẹnikẹ́ni sáré.

Àyẹ̀wò: "ó san án", "ó san díẹ̀", tàbí "kò san án", pẹ̀lú ìdí kan.

Ìpele 7: Ẹ gbé ojú ewé méjèèjì ka iwájú

Bí ẹ bá fún ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní máàkì, ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀, kí ẹ wá pín in sí méjì. Bí ẹ bá fún ìgbádùn ní 9 nínú 10, tí ẹ fún iṣẹ́ ní 3, 6 kò sọ òótọ́ kankan fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú pálọ̀ wa, bó ṣe ń lọ nìyí báyìí:

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé eré yẹn dáa?"

"Mo gbádùn ẹ̀ gan-an, àbúrò, torí àwàdà bàbá yẹn. Àmọ́ okùn ìtàn ẹ̀ já ní apá kẹrin, wọn ò sì rí i so."

Àbúrò ti mọ ohun tó fẹ́ mọ̀. Bó bá ń wá ẹ̀rín lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, yóò wò ó. Bó bá fẹ́ fi kọ́ iṣẹ́ eré kíkọ, yóò wá òmíràn. Èyí tó ṣòro jù fún ẹnu láti sọ ni ìdàkejì rẹ̀: "Iṣẹ́ ńlá ni, kò kàn dùn mọ́ mi ni." Ẹ kọ́ ọ sọ. Mo ti rí eré mẹ́ta tí mo sọ bẹ́ẹ̀ nípa wọn, tí ọ̀kan nínú wọn wá dùn mọ́ mi nígbà tí mo tún un wò lẹ́yìn oṣù mélòó kan, lọ́jọ́ tí kò rẹ̀ mí.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn: ẹ ya ojú ewé ọ̀tún nìkan, kí ẹ fún ẹni tí kò tíì wo eré náà rí. Ẹ ní kó kà á, kó sọ fún yín bóyá ẹ gbádùn eré náà àbí ẹ ò gbádùn rẹ̀. Bó bá mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, ìgbádùn yín tàbí ìbínú yín ti yọ́ wọ inú ìdájọ́. Ẹ bi í ní gbólóhùn tó tú yín fó, kí ẹ sì gbé e padà sí òsì. Bó bá wò yín lójú, tó ní òun ò mọ̀, ẹ lè wá fi rìmóòtù lé e lọ́wọ́.